Kọ̀ǹpútà méjì nínú ilé kan, wọn ò rí ara wọn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ilé ni mo ti ń ṣe ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú, ní Ṣómólú. Dẹ́sítọ́ọ̀pù wà ní pálọ̀, orí ẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ oníbàárà wà. Láptọ́ọ̀pù tuntun ni mo ń lò ní yàrá. Àwọn méjèèjì ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì dáadáa, àmọ́ tí mo bá ṣí Network lórí láptọ́ọ̀pù, n kì í rí dẹ́sítọ́ọ̀pù níbẹ̀. Fíláàṣì ni mo fi ń gbé iṣẹ́ káàkiri, fáírọ́ọ̀sì sì ti ba iṣẹ́ ẹnìkan jẹ́. Ọmọkùnrin kan ní kí n pa firewall. Ṣé kí n pa á? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìbejì, ẹ sì pẹ̀lẹ́ fún iṣẹ́ tó bàjẹ́. Ẹ má pa firewall o, òun ni ẹ̀ṣọ́ tó ń dí àjèjì lọ́nà àtiwọ ẹ̀rọ yín. Ẹnìkan ò lè tìtorí pé kọ́kọ́rọ́ há kó yọ ilẹ̀kùn ilé kúrò.

Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń bi àwọn tó bá gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìkẹjà ni pé: orí Wi-Fi wo ni ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan wà? Ẹ̀rọ méjì lè wọ íntánẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé agboolé kan náà ni wọ́n wà. Ní Èkó wa yìí, iná á lọ, ráútà á kú, láptọ́ọ̀pù á fò sórí MiFi tàbí fóònù, iná á dé, láptọ́ọ̀pù ò sì ní padà sórí ráútà. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti R pọ̀, ẹ kọ cmd, ẹ tẹ Enter. Nínú ojú dúdú tó bá yọ, ẹ kọ ipconfig, kí ẹ wá ìlà IPv4 Address. Ojúlé ẹ̀rọ yẹn nìyẹn. Tí ti dẹ́sítọ́ọ̀pù bá jẹ́ 192.168.1.20, tí ti láptọ́ọ̀pù jẹ́ 192.168.1.35, wọ́n jọ wà lágboolé kan, torí apá mẹ́ta àkọ́kọ́ nọ́ńbà wọn bára mu. Tí láptọ́ọ̀pù bá ń pe 192.168.8.101, ó ti wà níbòmíràn. Èyí tó bá fi 169.254 bẹ̀rẹ̀, ráútà ò fún un ní ojúlé rárá, òun ló fún ara ẹ̀.

Nọ́ńbà lè jọra kí wọ́n má sì rí ara wọn. Mo dé ilé ayàwòrán kan ní Láfíàjí, ẹ̀rọ ẹ̀ méjèèjì ti rí ara wọn ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n dé ilé, ó di òdì. Ìgbà tí mo wo orúkọ Wi-Fi tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ni mo rí Guest níparí ẹ̀. Ti àlejò ni. Ọ̀pọ̀ ráútà ni kì í jẹ́ kí ẹni tó gba ibẹ̀ wọlé rí ẹ̀rọ onílé.

Tí agboolé bá ti ṣọ̀kan, ẹ lọ sí Settings, Network & internet, kí ẹ ṣí Wi-Fi tí ẹ ń lò, kí ẹ yan Private network. Láptọ́ọ̀pù tuntun sábà máa ń wà lórí Public, Windows á sì fi í pa mọ́. Wi-Fi ilé yín nìkan ni kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún o, kì í ṣe ti ilé oúnjẹ tàbí ti pápákọ̀ òfuurufú. Lẹ́yìn náà, nínú Advanced sharing settings, ẹ tan Network discovery àti File and printer sharing. Ẹ ṣe é lórí ẹ̀rọ méjèèjì. Lórí dẹ́sítọ́ọ̀pù, ẹ tún tẹ Windows àti R, ẹ kọ services.msc, ẹ tẹ Enter, kí ẹ wá Function Discovery Resource Publication. Òun ni akéde tó ń sọ fún àwọn yòókù pé ẹ̀rọ yìí wà nílé. Tó bá ti sùn, ẹ tẹ Start, kí ẹ sọ ọ́ di Automatic.

Kódà tí orúkọ ẹ̀ ò bá tíì yọ, ẹ lè lọ kan ilẹ̀kùn fúnra yín. Ẹ ṣí fódà èyíkéyìí lórí láptọ́ọ̀pù, kí ẹ kọ \\192.168.1.20 sí ojú àpótí òkè, ìyẹn nọ́ńbà dẹ́sítọ́ọ̀pù gan-an. Tó bá béèrè orúkọ àti páásíwọ́ọ̀dù, ẹ yọ̀, ọ̀nà ti là. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú: wọ́n á kọ PIN tí wọ́n fi ń ṣí ẹ̀rọ. Kò gba PIN. Páásíwọ́ọ̀dù ti dẹ́sítọ́ọ̀pù ló fẹ́, tí kò bá sì ní, ẹ fún un ní ọ̀kan, torí Windows kì í gba òfìfo láti òkèèrè. Fódà iṣẹ́ náà sì gbọ́dọ̀ ti wà ní ṣíṣí fún ẹ̀rọ mìíràn, nínú Properties, lábẹ́ Sharing.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ lè mú kí ráútà yí ojúlé yẹn padà. Ẹ máa lo orúkọ ẹ̀rọ dípò nọ́ńbà, bíi \\PALO, tàbí kí ẹ ní kí ráútà fi nọ́ńbà kan pamọ́ fún un.

Àwọn fídíò àtijọ́ á ní kí ẹ tan SMB1, ọ̀nà àtijọ́ tí Windows fi ń pín fáìlì. Ẹ má gbà. Ọdún 2017 ni Microsoft yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí Windows 10 tuntun ń gbé wá, ọdún yẹn náà ni WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa kó tó béèrè owó, gba àlàfo ibẹ̀ tan káàkiri ayé. Ẹ má sì wá HomeGroup, ètò àtijọ́ tí Windows ní fún pípín fáìlì nínú ilé, wọ́n ti yọ ọ́ láti 2018.

Tí ẹ bá ṣe gbogbo èyí tí kò bá tíì wọlé, ẹ kọ nọ́ńbà IPv4 méjèèjì àti orúkọ Wi-Fi tó wà lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi.