Táyà tòkunbọ̀ eléyín gíga fún ọ̀nà oko: ẹ dá owó yín dúró ná

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. RAV4 ọdún 2008 ni mò ń wà. Mọ́níyà n'Íbàdàn ni mò ń gbé, ṣùgbọ́n mo ní oko pákí lẹ́yìn Òkèihò, mo sì máa ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ̀nà ọ̀dà ló pọ̀ jù nínú ìrìn náà, lẹ́yìn ìyẹn ó di ọ̀nà oko: òkúta, yanrìn, àti ẹrẹ̀ bí òjò bá ti ń rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n lọ ra táyà tòkunbọ̀ eléyín gíga tí wọ́n kọ M+S sí lára, pé táyà ẹrẹ̀ ni, ó sì lágbára ju àwọn tuntun Ṣáínà tí wọ́n ń tà káàkiri lọ. Owó mi kò pọ̀. Ṣé kí n sì mú èyí tó tóbi ju ti ọkọ̀ lọ díẹ̀, kí ọkọ̀ lè ga? Táyà wo lẹ lè júwe fún mi?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú oko, ẹ kú ìrìn. Táyà tí mo máa júwe wà nísàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun náà ni àwọn tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù mi ń sọ lójoojúmọ́, ó sì ti sú mi: pé bí eyín táyà bá ṣe ga tó ni táyà ṣe lágbára tó, àti pé ohun tó bá ti òkè òkun bọ̀, bó ti wù kó gbó tó, ó sàn ju tuntun lọ.

Irọ́ ni méjèèjì.

Òyìnbó tó bọ́ táyà yẹn sílẹ̀, kí ló dé tó fi bọ́ ọ nígbà tí eyín rẹ̀ ṣì ga? Kì í ṣe pé ó lawọ́. Ó lè jẹ́ pé wọ́n tú ọkọ̀ náà tà ní awẹ́-awẹ́. Ó lè jẹ́ pé nǹkan gún táyà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ kò ní gbà láti lẹ̀. Ó lè jẹ́ pé ó ti pẹ́ láyé jù. Èyí tó sì kan ọ̀rọ̀ yín gan-an ni pé ó lè jẹ́ táyà òtútù.

Ní Jámánì, ní Austria, àti láwọn ibi tí yìnyín ti ń bọ́, ọ̀pọ̀ onímọ́tò ló ní táyà oríṣi méjì nílé, ti ìgbà ooru àti ti ìgbà òtútù. Eyín ti òtútù máa ń jìn, wọ́n sì gé e wẹ́wẹ́ kó lè di yìnyín mú. Ní Austria, bí eyín táyà òtútù bá ti wálẹ̀ kọjá mìlímítà 4, òfin kò kà á sí táyà òtútù mọ́, ẹni tó ni ín á sì bọ́ ọ sílẹ̀. Lójú tiwa níbí, eyín ṣì kún ẹnu rẹ̀. Ó bá wọ kọ̀ntéínà, ó dé ọjà Géètì, ẹni tó ń tà á rí M+S lára rẹ̀, ó ní táyà ẹrẹ̀ nìyí. Lóòótọ́, ẹrẹ̀ àti yìnyín ni wọ́n ní lọ́kàn tí wọ́n fi kọ lẹ́tà méjèèjì, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ tó ṣe táyà fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sí i, nítorí bí wọ́n ṣe gbẹ́ eyín rẹ̀. Kò sí ìdánwò kankan tó gbọ́dọ̀ yege kó tó gbà á.

Rọ́bà táyà òtútù rọ̀. Wọ́n pò ó bẹ́ẹ̀ kó má baà le gbagidi nígbà tí ojú ọjọ́ bá bọ́ sábẹ́ 7 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ẹ wá gbé e wá sójú ọ̀nà Ìsẹ́yìn lọ́sàn-án oṣù Kẹta, nígbà tí ẹsẹ̀ lásán kò ṣeé gbé lé ọ̀dà! Á rọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á máa jẹ kíákíá, ọkọ̀ á máa fì bí ẹ bá ń yà, bí ẹ bá sì tẹ bíréèkì, ọkọ̀ á rìn jìnnà kó tó dúró. Àmì tí ẹ ó fi dá a mọ̀ ni òkè kan tó ní orí mẹ́ta, tí wọ́n ya yìnyín sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́ mọ́ ọn: àwọn táyà A/T gidi kan (All Terrain, èyí tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà ọ̀dà àti ọ̀nà oko) náà ní àmì yìí, nítorí náà àmì yẹn nìkan kò tó láti fi lé táyà dànù. Bí ẹ bá rí i, tí ẹ kò sì rí A/T tàbí All Terrain níbì kankan lára táyà náà, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká ní kì í ṣe ti òtútù. Ọjọ́ orí rẹ̀ ńkọ́? Rọ́bà ń gbó bí ẹnikẹ́ni kò tiẹ̀ lò ó. Afẹ́fẹ́ ń jẹ ẹ́, oòrùn ń jẹ ẹ́, ooru ń mú kó yá. Ẹ wo rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó, tí wọ́n gbàgbé sínú dúróà fún ọdún bíi mélòó kan: ẹ fà á, ó já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Nínú táyà, ibi tí ewu yìí wà kò hàn sójú. Abẹ́ eyín táyà ni wáyà irin wà ní ìpele-ìpele, rọ́bà ló so wọ́n pọ̀. Bí rọ́bà àárín yẹn bá ti gbó, eré sísá á mú un gbóná, ìpele yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í tú, títí ojú táyà á fi ṣí kúrò lódindi bí awọ. Eyín gíga kò lè dá a dúró. Kódà eyín tó nípọn máa ń pa ooru mọ́ra ju eyín fẹ́lẹ́ lọ.

Bí ẹ bá rò pé mò ń dẹ́rù bà yín, ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2000, ilé iṣẹ́ Firestone kéde pé kí àwọn èèyàn dá táyà bíi mílíọ̀nù 6.5 padà. Ẹsẹ̀ jíìpù Ford Explorer ni púpọ̀ nínú wọn wà, Wilderness AT sì lorúkọ ọ̀kan nínú irú táyà náà. Ojú táyà ló ń ṣí lórí eré, tí jíìpù á sì gbókìtì. Àwọn tó kú lé ní 200. Àwọn ìpínlẹ̀ tí oòrùn ti ń mú, bíi Texas, Florida àti Arizona, ni ọ̀ràn náà ti pọ̀ jù. Ford àti Firestone bẹ̀rẹ̀ sí í ti ẹ̀bi síra wọn lọ́rùn, títí kan iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà nínú rẹ̀: Ford ti ní 26 lórí géèjì fọ́kanáísà, Firestone ní 30 ló yẹ. Ẹ̀yin ẹ wò ó ná: táyà tí wọ́n rà ní tuntun, tí eyín ṣì wà lára rẹ̀, lójú ọ̀nà tó dáa. Ti Géètì tí ẹ kò mọ ìyá tó mọ bàbá rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ kọ́ láti ka ọjọ́ orí táyà fúnra yín, ẹ má bi ẹni tó ń tà á. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ wo nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Bí nọ́ńbà náà bá jẹ́ mẹ́ta péré, wọ́n ti ṣe táyà yẹn ṣáájú ọdún 2000, ẹ sá fún un. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọjọ́ yìí sí, nítorí náà bí ẹ kò bá rí i níta, ẹ yí táyà padà kí ẹ wo inú. Bí wọ́n bá ti fi fáìlì họ ọ́ kúrò, ẹ kò nílò àlàyé mìíràn. Michelin ní kí wọ́n máa yẹ táyà wò lọ́dọọdún bó bá ti pé ọdún márùn-ún lẹ́sẹ̀ ọkọ̀, kí wọ́n sì bọ́ ọ dànù bó bá pé ọdún mẹ́wàá láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é, bó ti wù kó rẹwà tó. Ayé gbogbo ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, títí kan ibi tí kò gbóná. Nínú ooru tiwa, táyà tó bá ti lé lọ́dún mẹ́fà, èmi kò ní fi gbé ọmọ mi jáde.

Eyín gíga yẹn gan-an lè jẹ́ ayédèrú. Àwọn kan máa ń fi irin gbígbóná gbẹ́ eyín tuntun sójú táyà tó ti dán. Táyà ọkọ̀ ńlá tí wọ́n kọ REGROOVABLE sí lára ni wọ́n fi rọ́bà lé fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ti ọkọ̀ kékeré kò ní, wáyà ni irin máa bá pàdé. Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń kó wọn wọlé: wọ́n á ká táyà kékeré sínú ńlá, wọ́n á fi ńlá sínú èyí tó tún tóbi jù ú lọ, kí kọ̀ntéínà lè gbà wọ́n. Etí táyà, ibi tó ń di rímù mú, ló ń jìyà rẹ̀. Òfin kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ wa pàápàá kò gbà kí wọ́n kó àlòkù táyà ọkọ̀ kékeré wọlé. Ta lẹ fẹ́ dá a padà fún bó bá bẹ́?

Ní ti Ṣáínà: Michelin ti kógbá sílé ní Port Harcourt láti ọdún 2007, Dunlop sì dẹ́kun ṣíṣe táyà n'Íkẹjà lọ́dún 2008. Láti ìgbà náà, òkè òkun la ti ń retí táyà. Michelin fúnra rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ ní Shenyang, ní Ṣáínà. Nítorí náà ẹ yé bẹ̀rù orúkọ ìlú. Táyà tuntun tí orúkọ rẹ̀ kò lókìkí, tí wọ́n ṣe lọ́dún tó kọjá, sàn fún yín ju olókìkí tó ti lo ọdún mẹ́sàn-án lọ.

Ó yá, ti ọkọ̀ yín. Táyà oníwọ̀n 225/65R17 ló wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ RAV4 ìgbà yẹn, àwọn mìíràn sì ń lo 215/70R16. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù, ohun tó bá wà níbẹ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ má mú èyí tó tóbi. Bí ẹ bá fi 245/70R17 rọ́pò 225/65R17, ẹsẹ̀ ọkọ̀ á ga sí i ní nǹkan bí ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún. Bí mítà bá ń sọ pé 100 lẹ ń sá, nǹkan bí 107 ni, táyà á sì máa ha ara ọkọ̀ bí ẹ bá ń yí ọwọ́. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ìwọ̀n, bíi 102, ni ẹrù tí táyà kan lè gbé: 102 jẹ́ kìlógíráàmù 850. Ẹ má ra èyí tó kéré sí ti ìwé ilẹ̀kùn, torí pákí kì í ṣe òwú.

Oríṣi mẹ́ta lẹ ó bá lọ́jà. H/T ni ti ọ̀nà ọ̀dà, M/T ni ti ẹrẹ̀ pọ́ńbélé, A/T wà láàárín. M/T kò wúlò fún yín. Lórí ọ̀dà tí òjò ti rin, ó máa ń yọ̀, ó ń pariwo, ó ń jẹ epo, ó sì ń tètè jẹ tán, bẹ́ẹ̀ orí ọ̀dà lẹ ó ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn yín. Ẹ ra A/T tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra. Maxxis AT-771 àti Westlake SL369 wà lára àwọn tí owó wọn kì í wọ́n jù. Bí ọwọ́ bá gbé e, Yokohama Geolandar A/T. Ẹ béèrè bóyá ìwọ̀n yín wà, n kò sì gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Bó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni ẹrẹ̀ ń wà lọ́nà yín lọ́dún, H/T tuntun tó dáa tó, owó rẹ̀ sì kéré. Ẹ wo lẹ́tà tó tẹ̀ lé TEMPERATURE lára rẹ̀: A ló dáa jù, B kò burú, C ló kéré jù tí òfin Amẹ́ríkà gbà. Ẹ fi C sílẹ̀.

Bí RAV4 yín bá ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ ó pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ iwájú nìkan ló ń fà, tí owó kò sì tó, ẹ ra méjì, kí ẹ fi wọ́n sẹ́yìn. Mo mọ̀ pé mẹkáníìkì yín á ní iwájú ni. Ẹ má dá a lóhùn. Bí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn bá yọ̀ nínú òjò, ọkọ̀ á ti yí po kó tó yé yín.

Afẹ́fẹ́: iye tó wà níbi ilẹ̀kùn ni, kí ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí táyà tó gbóná. Nọ́ńbà ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, 44 tàbí 51, ni òpin tí kò gbọ́dọ̀ kọjá, kì í ṣe iye tí fọ́kanáísà máa fẹ́ sí i. Bí ẹ bá rì sínú yanrìn tàbí ẹrẹ̀, ẹ lè jò ó sílẹ̀ dé nǹkan bí 20, kí ẹ rọra jáde, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó sáré lórí ọ̀dà. Ẹ ra ẹ̀rọ ìfẹ́táyà kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀, owó rẹ̀ kò tó ti táyà kan.

N kò tíì fojú rí ọkọ̀ yín o. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ń gbọ̀n tàbí tó ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò kí ẹ tó náwó sórí táyà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tuntun náà á jẹ tán.

Kí ẹ sì ka ọjọ́ orí sípíà tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ lónìí. Bó bá jẹ́ 08 ló parí nọ́ńbà rẹ̀, ẹ má fi sáré lọ sí ibì kankan. Bí owó táyà karùn-ún kò bá sí, ẹ yan èyí tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pẹ́ jù nínú àwọn tí ẹ bá bọ́ sílẹ̀, kí ẹ gbé e sípò rẹ̀.