Wọ́n fẹ́ fi ṣọ́ọ̀bù mi ṣe ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù: kí ni kí n ṣe?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, agbẹjọ́rò. Mo ní ṣọ́ọ̀bù méjì ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí. Ọmọkùnrin kan wá bá mi, ó ní òun fẹ́ gba ọ̀kan láti fi ṣe ilé tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ó sì ṣe tán láti san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọkọ mi ní kò bófin mu. Àbúrò mi ní ìjọba àpapọ̀ ti fún wọn níwèé àṣẹ. Ta ló jàre? Àti pé, níwọ̀n ìgbà tí kò ti ṣeé dá dúró, ṣé kò ní sàn kí ìjọba ìpínlẹ̀ kúkú fàyè gbà á, kó máa gba owó orí níbẹ̀? — Ìyá Ìbejì.

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó gbowó. Ọ̀pọ̀ onílé ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n ti ná owó náà tán, tí wàhálà ti dé, ni wọ́n tó ń wá mi wá.

Ọ̀rọ̀ àbúrò yín ì bá tọ̀nà ká ní ọdún 2023 la ṣì wà. Lọ́dún 2005, àwọn aṣòfin l'Ábùjá ṣe òfin kan lórí lọ́tìrì àti tẹ́tẹ́, òun ni àwọn iléeṣẹ́ fi ń gbàwé àṣẹ l'Ábùjá, tí wọ́n á sì fi ṣiṣẹ́ káàkiri. Ìpínlẹ̀ Èkó gbé e lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2008, wọ́n ní ìwé òfin ilẹ̀ wa kò fi tẹ́tẹ́ sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ẹjọ́ náà jẹ. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kọkànlá ọdún 2024, àwọn adájọ́ méje ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fẹnu kò pé Èkó jàre. Òfin 2005 yẹn kò lágbára mọ́ ní ìpínlẹ̀ kankan, àfi Ábùjá nìkan.

Nítorí náà, ìwé àṣẹ Ábùjá kò tó lóde òní. Ti Ọ̀ṣun ni ẹ ó béèrè. Ọkọ yín náà ò sì jẹ̀bi púpọ̀: òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún lọ́wọ́ òyìnbó ní ìhà gúúsù yìí ka ilé tẹ́tẹ́ tí kò láṣẹ sí ẹ̀ṣẹ̀, onílé tó bá sì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ lè bá ayálégbé rẹ̀ dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Lórí ìbéèrè yín kejì, èmi gbà pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ fàyè gbà á lábẹ́ òfin, kó sì gba owó orí. Bí a bá ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù pa láti Òkè-Fìà títí dé Ọlá-Ìyá, tẹ́tẹ́ ti wọ inú fóònù lọ. Àmọ́ ọ̀dọ̀ ta ni kí owó orí náà ti wá? Ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí.

Ẹ jẹ́ ká mú tíkẹ́ẹ̀tì kan wò. Ká ní wọ́n ní bóyá góòlù máa lé ní méjì tàbí kò ní lé, ká sì ní bákan náà ni ó ṣeé ṣe kó rí. Bí nǹkan bá gún régé, ẹni tó fi 100 náírà sílẹ̀ tó sì jẹ yẹ kó gba 200. Ṣùgbọ́n 1.90 ni ọ́ọ̀dì, ìyẹn iye tí wọ́n fi ń sọ owó di púpọ̀, tí wọ́n máa kọ síbẹ̀, 190 ni yóò gbà. Tí ẹ bá kó gbogbo àwọn tó ta pọ̀, 95 ló ń padà sọ́wọ́ wọn nínú 100 kọ̀ọ̀kan. Àmọ́ àwọn ọmọ wa kì í ta ẹyọ kan. Wọ́n á so mẹ́wàá pọ̀, torí 100 náírà á di bí 61,300, ojú wọn á sì mọ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan nínú 1,024 ni irú rẹ̀ lè bọ́ sí i. 102,400 ló yẹ kí wọ́n san. Bí eré kan péré bá gé tíkẹ́ẹ̀tì náà, ó parí nìyẹn. Nínú 100 náírà irú tíkẹ́ẹ̀tì báyìí, nǹkan bí 60 ló ń padà. Ogójì tó kù, iléeṣẹ́ ló ń kó o lọ.

Ogójì yẹn ni kí ìjọba gbówó orí lé. Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ 5% lára owó tí ẹni tó bá jẹ gbà lọ́dún 2025. Ó rọrùn láti gbà, ṣùgbọ́n ẹni tó ti pàdánù fún oṣù mẹ́fà kó tó jẹ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbé e lé owó tí wọ́n fi ń ta, 5% ti gbé gbogbo èrè tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́yọ kan lọ. Iléeṣẹ́ á dín ọ́ọ̀dì kù, àwọn ọmọ á sá lọ sórí ìkànnì tí kò láṣẹ. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù lọ ti dá irú àṣẹ yìí padà fún àwọn ìpínlẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2018, New York ń gba 51% nínú ohun tó ṣẹ́ kù fún iléeṣẹ́ orí fóònù lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó àwọn tó jẹ. Nevada ń gba 6.75%. Kí àwọn aṣòfin wa yan iye tó yẹ Ọ̀ṣun láàárín méjèèjì, ṣùgbọ́n kó jẹ́ lára ohun tó ṣẹ́ kù fún iléeṣẹ́ ni wọ́n ti ń gbà á.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni kí owó náà mọ́ ìjọba lára. Lọ́jọ́rú kan, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, mo wà níwájú ilé tẹ́tẹ́ kan ní Ìgbọ̀nà. Ọmọ kan ti bọ́ ṣáàtì iléèwé rẹ̀ sínú báàgì, àmọ́ ṣòkòtò rẹ̀ tú u fó. Ó na 200 náírà sí ẹni tó jókòó sídìí ẹ̀rọ, onítọ̀hún ò tiẹ̀ gbójú sókè wò ó. Mo bi í pé orílẹ̀-èdè wo ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó kọ́kọ́ yàn ti wá. Kò mọ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ òun ló fi kóòdù tíkẹ́ẹ̀tì tó ti yàn sílẹ̀ ránṣẹ́. Owó oúnjẹ rẹ̀ nìyẹn, mi ò sì rí oorun sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà.

Ìjọba tó bá ń fi owó tẹ́tẹ́ san owó oṣù òṣìṣẹ́ kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jáwọ́ níbẹ̀. Nítorí náà, kí òfin kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn olùyẹ̀wò tí yóò máa wọ ṣọ́ọ̀bù láìròtẹ́lẹ̀, àti ìtọ́jú àwọn tí tẹ́tẹ́ ti di bárakú fún, ni yóò kọ́kọ́ jẹ nínú owó náà. Kí ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18 má wọlé. Kí wọ́n má fi owó yíyá ta á: ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fòfin de lílo káàdì tí wọ́n fi ń yá owó ná (credit card) fún tẹ́tẹ́ láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹrin ọdún 2020, tiwa níbí ni àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù.

Ṣọ́ọ̀bù yín wá ńkọ́? Ẹ ní kí ọmọkùnrin náà mú lẹ́tà iléeṣẹ́ tó ń ṣe ajẹ́ńtì fún wá, pẹ̀lú ìwé àṣẹ Ọ̀ṣun, kí ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ sí Abéré, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ojúlówó ni. Kí ìwé àdéhùn yín sọ ọ́ gbangba pé òun ni yóò máa san owó ìjọba, àti pé ọjọ́ tí ẹ bá rí ọmọ iléèwé kan níbẹ̀ ni àdéhùn parí. Owó ọdún kan péré ni kí ẹ gbà, torí bí ìpínlẹ̀ bá yí òfin padà láàárín kan, ọwọ́ yín ni yóò ti máa béèrè èyí tó kù. Bó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí gbólóhùn tó kan ọmọ iléèwé yẹn, ẹ jẹ́ kó wá ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì lọ.