Ìdánwò orí fóònù ní iṣẹ́ àkáǹtì ò bá mi mu

ÌBÉÈRÈ: Màmá wa, ẹ kú iṣẹ́. Mo gba HND àkáǹtì ní Poli Ìbàdàn, mo sì ti ṣe agùnbánirọ̀ tán. Ṣọ́ọ̀bù aṣọ ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Gbági Tuntun ni mo wà báyìí, èmi ni mò ń bá wọn kọ ìwé ọjà. Gbogbo ilé ní kí n lọ ṣe ICAN, ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ àkáǹtì ní Nàìjíríà. Mo wá ṣe ìdánwò ìmọ-ara-ẹni kan lórí fóònù, ó gbé lẹ́tà S àti E fún mi, pé kíkọ́ ènìyàn àti òwò ló bá mi mu. Lóòótọ́, àwọn ọmọ iṣẹ́ télọ̀ kan máa ń wá bá mi ní Sátidé, mò ń kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ owó tó wọlé àti èyí tó jáde. Ṣé kí n gbàgbé àkáǹtì ni? (T., Mọ́níyà)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má tíì gbàgbé nǹkan kan. Èrò John Holland, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, ni lẹ́tà wọ̀nyẹn. Ọdún 1959 ló gbé e jáde pé ọ̀nà mẹ́fà ni ìfẹ́ tí ènìyàn ní sí iṣẹ́ pín sí, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló sì dúró fún ọ̀nà kan. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn Sista ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó níbí, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́ àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde ìwé sọ́nà nípa iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Orí mi máa ń wú tí mo bá ń sọ ọ́, torí iṣẹ́ yẹn lèmi náà ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kà pọ̀. Èwo ni ìkẹta tìẹ? Mo fura pé C ni, ti àwọn tó fẹ́ràn àkọsílẹ̀ tó lọ geere. Ìdánwò náà kàn bi ọ́ ní ohun tí o fẹ́ràn ni. Kò bi ọ́ ní ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, kò sì mọ̀ bóyá owó wà níbẹ̀ ní Ìbàdàn.

Ra ìwé kékeré kan. Lálaalẹ́, kọ iṣẹ́ tí o ṣe sílẹ̀: èyí tó gbà ọ́ lọ́kàn tí o ò fi rántí oúnjẹ, àti èyí tí ò ń sún síwájú títí wọ́n fi pariwo lé ọ lórí. Jẹ́ kó kọjá ìparí oṣù, ìgbà yẹn ni ìwé ọjà máa ń le. Kí o wá bi ẹ̀gbọ́n màmá rẹ àti oníbàárà kan tí kì í pọ́nni pé: "Kí lẹ máa ń fi sílẹ̀ dè mí torí ẹ mọ̀ pé ó máa yọrí?" Mi ò ní kí o bi ìyá rẹ, ìfẹ́ ò ní jẹ́ kí wọ́n sọ ibi tó kù sí.

Ní ti ICAN, ìpele mẹ́ta ni, ó ń gba owó, ó ń gba oorun. Kí o tó san kọ́bọ̀, bẹ ọ́dítọ̀ kan ní Dùgbẹ̀ kí o lọ jókòó tì wọ́n fún ọjọ́ díẹ̀. Tí ara rẹ bá yá gágá láàárín fáìlì, forúkọ sílẹ̀. Tí kò bá yá, iṣẹ́ ṣì wà fún ọ nínú ọjà. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ní Gbági, Agbeni àti Bódìjà ni kò ní àkọsílẹ̀ kankan tí wọ́n lè gbé síwájú bánkì, ẹni tó mọ àkáǹtì tó sì ní sùúrù láti ṣàlàyé ni wọ́n nílò. Lọ bá ọ̀gá àwọn ọmọ télọ̀ yẹn lọ́sẹ̀ yìí, ní o fẹ́ máa bá wọn tọ́jú ìwé, kí wọ́n máa fún ọ ní nǹkan díẹ̀ lóṣù. Kọ iye àwọn tó gbà sínú ìwé náà, kí o sì fi ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú lẹ́tà kẹta yẹn.