Bàálù tó fò létíkun: ẹ wọ̀n ọ́n kí ẹ tó ní ó rẹlẹ̀ jù

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Àdìrẹ ni mò ń tà ní Ìtòkú, l'Abẹ́òkúta níbí. A kó àwọn ọmọ lọ sétíkun ní Àgbádárìgì lọ́jọ́ Àìkú, bàálù kékeré kan sì gba orí omi kọjá. Ó rẹlẹ̀ débi pé mo ka lẹ́tà abẹ́ apá rẹ̀. Kò lè ju orí igi àgbọn lọ. Lójijì ni ariwo rẹ̀ lọ sílẹ̀, ọkùnrin kan bá kígbe pé ẹ́ńjìnnì ti kú, pé bí òkúta ló ṣe máa já lulẹ̀. Ni gbogbo wa bá sáré wọ inú omi. Ṣé ó fẹ́ já ni? Ta ni ká fẹjọ́ rẹ̀ sùn?

Ìdáhùn: Ìyá Aládìrẹ, ẹ kú ewu o, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ. Irú ìbéèrè yìí kì í tán nílẹ̀, gbólóhùn kan náà ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀: “mo ka lẹ́tà ara rẹ̀.” Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe ti ń wọlé.

Lẹ́tà tí wọ́n ń kọ sábẹ́ apá bàálù tóbi. Òfin àgbáyé ní kí gíga rẹ̀ má dín ní sẹ̀ǹtímítà 50, èyí tó ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ díẹ̀. Ẹ rántí pátákó lẹ́tà tí dókítà ojú ń gbé kọ́ ara ògiri. Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ṣáká á ka lẹ́tà tí kò tó sẹ̀ǹtímítà kan láti mítà 6. Bí a bá fi ìwọ̀n yẹn ṣírò ó, lẹ́tà sẹ̀ǹtímítà 50 ṣeé kà láti nǹkan bíi mítà 340. Bàálù ń sáré, oòrùn ń tàn síni lójú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bù ú kù sí 200. Igi àgbọn tó ga dáadáa kì í sábà kọjá mítà 30. Ẹ rí i pé bàálù lè ga ju igi àgbọn lọ ní ìlọ́po mẹ́fà, kí ẹ sì ka orúkọ rẹ̀ láìwo awò.

Òkun tún ń tan ojú jẹ. Nílé, ojú ní òrùlé àti igi tó fi ń díwọ̀n. Lórí omi, kò sí nǹkan kan láàrin ẹ̀yin àti bàálù náà, ojú á kàn gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ igi àgbọn tó wà nítòsí. Bàálù ńlá tí ojú wa ti mọ́ lójú ọ̀run Abẹ́òkúta sábà máa ń jìnnà sókè gan-an, ìdí nìyẹn tí kékeré tó wà ní mítà 300 fi ń dà bíi pé ó fẹ́ bà léni lórí.

Ní ti òfin, ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé fún ìrìnnà òfuurufú, ni pé ẹni tó ń fi ojú wo ọ̀nà fò kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ ju mítà 150 lọ lórí ilẹ̀ tàbí omi tí kò sí ọ̀pọ̀ èrò. Níbi tí ilé ti pọ̀ tàbí tí èrò péjọ sí níta, kò gbọdọ̀ dín ní mítà 300 lórí ohun tó ga jù lọ láàrin mítà 600 sí bàálù náà. Ẹni tó ń gbéra, ẹni tó ń balẹ̀, àti ẹni tó gba àṣẹ pàtàkì nìkan ló yọ sílẹ̀. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀ máa ń gba irú àṣẹ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fò ní bíi mítà 80. Kí ẹ lè fojú inú wo mítà 150: orí Òkè Olúmọ jẹ́ mítà 137 sí ìpele òkun. Bàálù tó bá wọnú òkun dáadáa, tó jìnnà sí èrò, tó sì fò ní ìwọ̀n orí Olúmọ àti díẹ̀ lé, kò rú òfin. Bó bá wá sórí ibi tí ẹ jókòó sí ní gíga yẹn, ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Nígbà míì, ẹ fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n. Ẹ na apá síwájú gbọọrọ, ẹ di ojú kan, kí ẹ gbé àtàǹpàkò lé bàálù náà nígbà tó bá ń kọjá lókè yín tí apá rẹ̀ méjèèjì là sílẹ̀. Láti ojú àgbàlagbà sí àtàǹpàkò jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 65, fífẹ̀ àtàǹpàkò sì jẹ́ bíi 2. Tépù tí ẹ fi ń wọn aṣọ wà lọ́wọ́ yín, ẹ wọn tiyín kó lè dájú. Cessna 172, bàálù kékeré tó wọ́pọ̀ jù lágbàáyé, jẹ́ mítà 11 láti ṣóńṣó apá kan dé èkejì. Bí àtàǹpàkò bá bo gbogbo apá rẹ̀ ṣọ́ọ́, ó jìnnà tó mítà 350. Bó bá gba ìka mẹ́ta àárín papọ̀, ó ti di bíi 150. Bó bá gba odindi ẹ̀ṣẹ́ tí ẹ dì, kò tó 100 mọ́, ẹ̀rù sì tọ́.

Ibi méjì ni ìṣirò yìí ti lè ṣini lọ́nà. Bí bàálù náà kò bá sí lókè yín gan-an, jíjìnnà lẹ wọ̀n, ẹ kò tíì wọn gíga. Èyí tó wà ní ìdá mẹ́ta ọ̀nà láti ojú òkun sí àtàrí ọ̀run, gíga rẹ̀ jẹ́ ìdajì jíjìnnà yẹn. Èkejì, bàálù lè tóbi ju bí ẹ ṣe rò lọ. Twin Otter tó ní ẹ́ńjìnnì méjì fẹ̀ tó mítà 20, nítorí náà àtàǹpàkò kan náà á túmọ̀ sí mítà 650.

Ní ti ariwo, èyí tó bá ti kọjá lára ẹni, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀ fúnra rẹ̀, bíi ti sáírìn ọkọ̀ tó sáré kọjá. Awakọ̀ náà sì ń dín iná kù bó bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ kú pátápátá, kì í já bí òkúta. Cessna 172 ń lọ síwájú ní bíi mítà 9 fún mítà 1 tó bá sọ̀. Láti mítà 300, ó ṣì ní kìlómítà méjì àti ààbọ̀ àti ìṣẹ́jú kan ó lé díẹ̀ láti fi wá ibi tó máa bà sí.

Èmi kò rí bàálù yẹn, n kò sì lè dá awakọ̀ rẹ̀ láre tàbí lẹ́bi. Ohun tó ń fi wàhálà hàn ni fáànù iwájú tó dúró, èéfín, ohùn tó ń kọ́ tó ń sé bí ọ̀kadà tí kabúrétọ̀ rẹ̀ dọ̀tí, tàbí imú tó gbé sókè nígbà tí bàálù ń lọ jẹ́jẹ́ tó ń mì.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sá wọ omi mọ́, ẹ má sì sá tẹ̀ lé etí omi. Iyanrìn tútù tó le létí omi gan-an ni awakọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú ń wá. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 2017, Cessna 152 kan bà sórí etíkun ní Caparica, nítòsí Lisbon ní ilẹ̀ Portugal. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò fara pa, ṣùgbọ́n ọkùnrin kan àti ọmọdébìnrin kan tó wà lórí iyanrìn kú. Bàálù tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú kì í pariwo tó pọ̀, ẹni tó kọ ẹ̀yìn sí i lè má gbọ́. Ẹ gbá àwọn ọmọ mú, kí ẹ kọ ẹ̀yìn sí òkun, kí ẹ sá lọ síhà ibi tí igi àgbọn wà.

Bó bá já, 112 ni kí ẹ kọ́kọ́ pè. Ẹ má fọwọ́ kan fáànù iwájú bó tilẹ̀ ti dúró, ẹ má mu sìgá nítòsí, ẹ má sì kó àfọ́kù kankan. NSIB tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ló ni iṣẹ́ ìyẹn.

Bó bá jẹ́ fífò nílẹ̀ jù lẹ fẹ́ fi sùn, NCAA, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ìrìnnà òfuurufú ní Nàìjíríà, ni kí ẹ kọ̀wé sí. “Ó rẹlẹ̀ gan-an” kò lè ran wọ́n lọ́wọ́. Ẹ kọ aago gan-an tó kọjá, ibi tí ẹ dúró sí, ibi tó dojú kọ, àwọ̀ rẹ̀, bóyá apá rẹ̀ wà lókè fèrèsé tàbí nísàlẹ̀, àti lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀ lé 5N bó bá jẹ́ ti Nàìjíríà. Bí ẹ bá yà á ní fídíò, ẹ má fà á súnmọ́ra. Ẹ jẹ́ kí igi àgbọn tàbí òrùlé kan hàn nínú rẹ̀ pẹ̀lú bàálù náà, òun ni wọ́n lè fi ṣírò gíga rẹ̀. Lẹ́tà tí ẹ ní ẹ kà yẹn, ṣé ẹ ṣì rántí rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí.