Ọmọ tí kò tíì sọ̀rọ̀: ohun tí ojú èmi náà rí

Mọ́mì tó béèrè lánàá pé kí lòun lè máa bá ọmọ òun ṣe nílé láìnáwó, ọmọ ọdún 2 àti oṣù 4 tí kò tíì sọ ju "mọ́mì" àti "gbà" lọ, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ yín. Mo gbé aṣọ oníbàárà sílẹ̀, ara mi kò balẹ̀ mọ́.

Àkọ́bí mi pé ọdún 2, kò sọ nǹkan kan. Á nawọ́ sí nǹkan, á ké, á fà mí láṣọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì tó ń fún wa ní abẹ́rẹ́ àjẹsára kò tiẹ̀ gbójú sókè nínú ìwé tó ń kọ tó fi ní, "Ọkùnrin ni, wọ́n máa ń pẹ́." Ẹlòmíì ní kí n lọ gé abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dédé gé nǹkan kan o! Ìgbà tó yá ni ìyá kan tó ní ilé-ìwé jẹ́léósinmi gbé ara lé tábìlì, ó ní èdè méjì ló ń da orí ọmọ rú, ká pa Yorùbá tì nílé, ká máa sọ Gẹ̀ẹ́sì nìkan sí i. Bí ẹni pé dókítà ló ń sọ̀rọ̀. A sì gbọ́ràn.

Mọ́mì, ẹ dákun, ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Ọkọ mi ń wa takisí Micra n'Ìbàdàn níbí, Iwo Road sí Mọ́kọ́lá. Tẹ́lẹ̀, tó bá ń wọlé lálẹ́, láti ẹnu ọ̀nà láá ti máa kọrin pe ọmọ ẹ̀. Lẹ́yìn àṣẹ ìyá yìí, ó di "gúdìfínìn", á sì lọ jókòó jẹ́ẹ́. Gẹ̀ẹ́sì tèmi alára kò ju "kọ́ọ̀mù", "sídáàn", "sitọ́pìtì" lọ. Ṣé ẹ rí i? Gbogbo ohun tí mò ń bá ọmọ sọ di àṣẹ àti ìbáwí. Mi ò lè fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún, mi ò lè fi bá a ṣeré. Ìyá ọkọ mi ni tiẹ̀ wá burú jù. Ọmọ Ọjà Ọba ni màmá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kankan. Ẹni tó jẹ́ pé tó bá ń ṣa ẹ̀wà, á máa bá ẹ̀wà sọ̀rọ̀, á máa bá òkúta inú ẹ̀ jà, á máa ki ọmọ mi, "Àjàní ọkọ mi." A ní kí wọ́n má sọ ọ́ mọ́. Wọn ò bá wa jà. Wọ́n kàn ń jókòó síwájú ọmọ, wọ́n á la ẹnu, wọ́n á rántí, wọ́n á fi ọwọ́ bò ó. Oṣù 7. Oṣù 7 gbáko nilé wa fi dákẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ẹni tí kò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá pẹ̀lú ọmọ mi. Títí di òní, ọwọ́ màmá lórí ẹnu yẹn kò kúrò lójú mi.

Fóònù ló wá gba ipò wa. Kátúùnù látàárọ̀ dalẹ́, torí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ nínú ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ láti 2019 pé kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 má wò ó rárá, kí ti ọmọ ọdún 2 sí 4 má ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Ta ló sọ fún mi?

Oníbàárà mi kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ló là mí lójú. Ó wá wọ bùbá rẹ̀ wò, ó gbọ́ "sitọ́pìtì" lẹ́nu mi, ó ní ṣé ọlọ́pàá ni mí ni. Òun ló sọ fún mi pé lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún 6 gbáko, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì tìtorí ẹ̀ bàjẹ́. Ó ní èdè méjì kì í sọ ọmọ di odi. Ilé tó dákẹ́ ni kí n máa bẹ̀rù.

Ní ti ohun tẹ́ ẹ lè máa bá ọmọ ṣe láìnáwó, ẹ̀wà tí mo dárúkọ yẹn ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àtẹ sílẹ̀, kí ọmọ jókòó kọjú sí yín. Ẹ mú òkúta kan: "Òkúta! Sọ ọ́ nù." Òmíì: "Òkúta!" Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ mú un dání, "Kí nìyí?", kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Ẹ ka oókan dé ẹẹ́wàá nínú ikùn yín. Ibẹ̀ ló le, torí ẹnu á máa yún yín. Tó bá ní "tá", ẹ ní, "Òkúta ni lóòótọ́!" Ẹ má fi oúnjẹ halẹ̀ mọ́ ọn pé àfi tó bá sọ ọ́.

Ẹ má sì yí ojú kúrò lára rẹ̀ o. Ọmọ mi ki ẹ̀wà bọ imú. Aládùúgbò ní òun á fi igi ìgbálẹ̀ yọ ọ́, ó tún wá tì í wọlé sí i. Omi imú ń mú ẹ̀wà wú. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá.

Ẹ fi ìborùn ṣe bojúbojú. Ẹ máa ka "ení bí ení, èjì bí èjì" bí ẹ ṣe ń bu omi sí i lára, kẹ́ ẹ má sì fi òun àti garawa omi sílẹ̀ lóun nìkan. Àjákù ànkárá, ẹ kó o jọ, "pupa dà?" Ẹ mọ ìyókù.

Etí ńkọ́? Èmi máa ń gbá ìdérí ìkòkò lẹ́yìn ọmọ mi, á yíjú, mo ní etí ẹ̀ pé. Irọ́ ni. Ìdérí ìkòkò kọ́ ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Nígbà tí wọ́n yẹ etí rẹ̀ wò nílé ìwòsàn, omi ló wà lẹ́yìn ìlù etí náà, láti ara ọ̀fìnkìn. Wọ́n ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù 3, ó sì ti gbẹ fúnra rẹ̀. UCH, ilé ìwòsàn ńlá tó wà ní Òrítamẹ́fà n'Ìbàdàn, ní ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà kẹ́ ẹ tó lọ. Ọmọ ọdún 2, ó yẹ kó ti máa so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀, "bàbá lọ", torí náà ẹ má gbà kí wọ́n fi "wọ́n máa ń pẹ́" lé yín padà. Tó bá jẹ́ pé ó ti sọ ọ̀rọ̀ rí tó wá dáwọ́ dúró, ọ̀la gan-an ni kẹ́ ẹ lọ.

Nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn tí màmá padà sẹ́nu ọ̀rọ̀ wọn, àtẹ ẹ̀wà dà nù. Kí n tó dìde, ọmọ ti ká ọwọ́ lérí bíi tiwọn, ó wo ilẹ̀, ó ní, "Họ́wù!"

Tẹ́ ẹ bá ti dé láti ibi àyẹ̀wò etí, ẹ bá mi kọ ohun tí wọ́n sọ síbí.