Ẹ Bi Wá: Pọ́ńtúùnù Àlòkù Tí Ẹ Fẹ́ Fi Ta Ẹgbẹ́ Aláàánú Lọ́rẹ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. A ní ọkọ̀ pọ́ńtúùnù kan (ọkọ̀ ojú omi pẹlẹbẹ tó ń léfòó lórí àgbá méjì) ní adágún Lake Conroe. Ẹsẹ̀ bàtà 22 ni, ọdún 2006 ni wọ́n ṣe é, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ agbára ẹṣin 90. Ìgbà ooru méjì rèé tí kò tíì kan omi. Ẹnì kan pè wá lórí fóònù pé àwọn máa wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹgbẹ́ aláàánú, pé a ó sì lè kọ 9,000 dọ́là sínú ìwé owó orí wa. Ṣé òótọ́ ni? — Òǹkàwé kan, Katy, Texas

Ìdáhùn: Wọ́n lè wá gbé e lọ́fẹ̀ẹ́ lóòótọ́. Ti 9,000 yẹn ni kí ẹ má gbára lé.

Láti ọdún 2005 ni òfin ti sọ pé bí ẹgbẹ́ aláàánú bá ta ọkọ̀ tí wọ́n fún wọn láìlò ó fún iṣẹ́ wọn, tí wọn kò sì tún un ṣe gidi, iye tí wọ́n tà á gan-an lẹni tó fún wọn lè yọ kúrò nínú owó tí yóò san owó orí lé. Iye tí ìwé iye owó ọkọ̀ ń pè é kò kan ọ̀rọ̀ náà mọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ni kò sì ní nǹkan tí wọ́n fẹ́ fi pọ́ńtúùnù ṣe. Gbàǹjo ni wọ́n máa gbé e lọ, níbi tí ọkọ̀ tí ìwé ń pè ní 9,000 ti lè lọ ní 2,600, pàápàá tí ẹnikẹ́ni kò bá gbọ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dún. 2,600 yẹn náà ni ẹ máa rí nínú àpótí 4c lórí fọ́ọ̀mù 1098-C, tí ẹgbẹ́ náà gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ sí yín láàárín 30 ọjọ́ tí wọ́n bá tà á. Tí wọ́n bá tà á ní 500 tàbí tí kò tó bẹ́ẹ̀, iye tó tọ́ sí ọkọ̀ náà lọ́jà ni ẹ lè yọ, kò sì gbọdọ̀ kọjá 500.

Ẹ rántí pé 2,600 náà kì í ṣe owó tó ń padà sápò. Bí owó orí yín bá wà ní ìpele ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún, 572 dọ́là ló máa fúyẹ́ lọ́rùn yín. Ẹni tó bá ń to ìnáwó rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ lórí Schedule A, ìyẹn ìwé tí wọ́n ń fi mọ́ ìwé owó orí, nìkan ló sì wà fún. Ní ọdún 2026, ìjọba ti yọ 16,100 fún àpọ́n láìbéèrè ìwé, 32,200 fún tọkọtaya tó jọ kọ ọ́; àfi tí àkójọ tiyín bá ju ìyẹn lọ ni ó tó lérè láti tò ó. Ẹni tó ń san èlé lórí gbèsè ilé, tó ń san owó orí ilé ti Texas tó wúwo, tó tún ń san ìdámẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú rìsíìtì, ó lè dé bẹ̀. Ẹni tó ń yálé gbé kì í sábà débẹ̀. Òfin tuntun kan tún wọlé ní 2026: ìdá ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún yín ni wọn kì í kà nínú ọrẹ. Tí ẹ bá pa 120,000 lọ́dún, 600 àkọ́kọ́ nínú gbogbo ọrẹ yín ti lọ nìyẹn.

Àwọn tí kì í to ìnáwó lẹ́sẹẹsẹ náà rí nǹkan gbà láti 2026: 1,000 fún ẹnì kan, 2,000 fún tọkọtaya. Àmọ́ ọrẹ owó nìkan ni, ọkọ̀ kì í sì í ṣe owó. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé lójú tiwa, ẹni tó bá ní àyè láti ta pọ́ńtúùnù rẹ̀ fúnra rẹ̀, kó tà á, kó fi owó náà ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹgbẹ́ náà yóò rí gbogbo rẹ̀ gbà, kò ní sí alágbàtà tó ń gé tirẹ̀ lórí. Ẹni tí owó ìgúnlẹ̀ sí èbúté ń jẹ lóṣooṣù, tí kò sì fẹ́ wàhálà oníbàárà, òun ni gbígbé e sílẹ̀ báyìí bá lára mu.

Ọ̀nà mẹ́ta wà tí ẹ fi lè yọ iye tó tọ́ sí ọkọ̀ lọ́jà: kí ẹgbẹ́ náà lò ó gidi fún iṣẹ́ wọn, kí wọ́n ṣe àtúnṣe ńlá sí i (fífọ̀ àti kíkùn kò sí lára rẹ̀), tàbí kí wọ́n fún aláìní tàbí kí wọ́n tà á fún un ní ẹ̀dínwó gidi nítorí iṣẹ́ àánú wọn. Ibùdó ọmọdé tó wà lẹ́bàá adágún lè lò ó. Àwọn Sea Scouts, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó ń kọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi, náà máa ń gba ọkọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Bí iye tí ẹ fẹ́ yọ bá wá ju 5,000 lọ lọ́nà yìí, ẹ nílò olùdíyelé tó mọṣẹ́, ìdíyelé náà kò gbọdọ̀ ju 60 ọjọ́ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ fún wọn, kí ẹgbẹ́ náà sì fọwọ́ sí Section B ti fọ́ọ̀mù 8283.

Ní ti ẹni tó pè yín: ẹ gba orúkọ ẹgbẹ́ náà àti EIN rẹ̀ (nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ fún owó orí), kí ẹ wá a lórí ìkànnì Tax Exempt Organization Search ti IRS, ilé iṣẹ́ owó orí Amẹ́ríkà. Ẹ bi í léèrè iye tó ń kan ẹgbẹ́ náà nínú gbogbo 100 dọ́là tí wọ́n bá tà. Tó bá ń kólòlò, ẹ gbé fóònù sílẹ̀. (Ṣọ́ọ̀ṣì lè má sí lórí àkójọ yẹn, síbẹ̀ kí òfin gbà á.)

Ìbéèrè: A ti rí ẹgbẹ́ tó dáa. Kí la máa ṣe kí wọ́n tó wá gbé e? — Òǹkàwé kan, Houston

Ìdáhùn: Ìwé ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ní Texas, táítù ọkọ̀, ìyẹn ìwé tó fi ẹni tó ni í hàn, yàtọ̀ sí ti ẹ́ńjìnnì. Texas Parks and Wildlife, ilé iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ náà tó ń rí sí ọkọ̀ ojú omi, ló ń fúnni ní méjèèjì. Kẹ̀kẹ́ tí a fi ń wọ́ ọ lójú títì jẹ́ ti ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ìgboro, ó sì gbọ́dọ̀ ní táítù tí àpapọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ pẹ̀lú ẹrù bá ju páúnù 4,000 lọ. Pọ́ńtúùnù ẹsẹ̀ bàtà 22 pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lè tó bẹ́ẹ̀ dáadáa, nítorí náà ẹ wo ìwé rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé kò nílò. Gbèsè báńkì tó bá wà lórí èyíkéyìí, ẹ san án tán, kí ẹ gba ìwé ìdásílẹ̀.

Ẹ wá nọ́ńbà ara ọkọ̀, lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 tí wọ́n ń pè ní HIN. Lórí pọ́ńtúùnù, irin ìdábùú tó wà lẹ́yìn pátápátá ló máa ń wà, lọ́wọ́ ọ̀tún, láàárín ẹsẹ̀ bàtà kan sí ibi tó ti so mọ́ àgbá. Ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ẹ yà á ní fọ́tò, kí ẹ fi wé ti orí táítù lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kan péré tó bá yàtọ̀ máa dá gbogbo ẹ̀ dúró.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni kí ẹ kọ sí ààyè ẹni tó gbà á. Àwọn kan á ní kí ẹ fọwọ́ sí i lófìfo, àwọn á kọ ọ́ tó bá yá. Ẹ má gbà. Bí wọ́n bá lọ pa ọkọ̀ náà tì sí ẹrẹ̀ níbì kan, orúkọ yín ni ìjọba máa rí. Ẹ tú nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ kúrò, ẹ jẹ́ kí ilé iṣẹ́ méjèèjì mọ̀ pé ẹ ti gbé e fún ẹlòmíràn, kí ẹ tó fagi lé ìǹṣọ́ránsì.

Ohun méjì péré ló yẹ kí ẹ náwó lé: bátìrì tó ní agbára àti epo tuntun, torí ẹ́ńjìnnì tó bá dún níwájú ẹni tó fẹ́ rà á ló ń gbé owó sókè. Epo tó ti lo ọdún méjì, ẹ fà á jáde, ẹ má fi sáná. Ethanol inú rẹ̀ ti fa omi, ìyókù ti dì bí oje igi. Ẹ má sì tan ẹ́ńjìnnì lórí ilẹ̀ láìfi họ́ọ̀sì omi sí ẹnu ibi tó ti ń mu omi. Rọ́bà tó ń fa omi inú rẹ̀ á jó kó tó pẹ́. Ẹ tú síkúrù ìsàlẹ̀ ibi ọ́ìlì gíà díẹ̀. Ọ́ìlì tó bá jáde bí ògì, omi ti wọlé, síìlì ti lọ. Ẹ má tún un ṣe, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ ọkọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn àti ní ìdí àga. Pílíwúùdù tó ti jẹrà máa rọ̀ bíi búrẹ́dì tó bọ́ sómi. Ẹ kan àgbá méjèèjì láti iwájú dé ẹ̀yìn: ibi tí ohùn rẹ̀ bá ti di kíkì, omi ti wọ yàrá yẹn. Tí ẹ bá fẹ́ wá ibi tó ń jò, atẹ́gùn tí agbára rẹ̀ jẹ́ psi 2 tàbí 3 àti ọṣẹ híhó tó. Psi púpọ̀ lè ya ibi tí wọ́n ti jó irin àgbá náà pọ̀. Texas sì ti sọ ọ́ di òfin pé kí ẹ da gbogbo omi inú ọkọ̀ nù kí ó tó kúrò ní adágún, nítorí zebra mussel, ẹ̀dá kékeré oníkarawun inú omi tó ti ń tàn ká láti ìgbà tí wọ́n rí i ní Lake Texoma ní 2009.

Ìbéèrè: Orúkọ ọkọ mi tó ti di olóògbé ló wà lórí táítù. — Òǹkàwé kan, Dallas

Ìdáhùn: Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà. Ẹ má bá a fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí ìwé ogún ní kóòtù, Parks and Wildlife ní ìwé ìbúra àjogún tí gbogbo ajogún máa fọwọ́ sí. Ẹ fi gba táítù lórúkọ yín ná. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní kùtùkùtù ọdún, torí ọrẹ tí kò bá parí kí December 31 tó kọjá kò sí nínú ìwé owó orí ọdún yẹn.

Ìbéèrè: Ṣé a lè fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ aláàánú kan ní Makoko dípò? — Òǹkàwé kan, Houston

Ìdáhùn: Ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti Nàìjíríà nìkan, ọrẹ yín sí i kò dín owó orí Amẹ́ríkà kù. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó ń darí bí wọ́n ṣe ń lo ọkọ̀ náà lóhùn-ún.

Lẹ́yìn náà, inú kọ̀ǹténà fẹ̀ ní mítà 2.35, pọ́ńtúùnù tó wọ́pọ̀ sì jẹ́ mítà 2.59. Ẹ gbọ́dọ̀ tú ilẹ̀ rẹ̀ kúrò lórí àgbá, tàbí kí ẹ san owó ẹrù tó kọjá ìwọ̀n. Tó bá dé, NIWA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀nà omi) àti LASWA (ti ìpínlẹ̀ Èkó) ní ìwé tiwọn. Omi ọ̀sà ní iyọ̀ nínú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn: ẹ yọ irin ìrúbọ oní-magnesium (irin tí omi ń jẹ dípò ara ọkọ̀) tí wọ́n ń lò ní adágún, kí ẹ fi ti alumíníọ̀mù rọ́pò, kí ẹ má sì fi ọ̀dà tó ní bàbà kun àgbá, torí bàbà máa ń jẹ alumíníọ̀mù. Ìgbì ọkọ̀ ńlá tó ń kọjá níbẹ̀ ju ohun tí wọ́n ṣe ọkọ̀ alágbá méjì fún lọ. Itòsí ilé nìkan ni kí wọ́n ti máa lò ó.