Integer sí int: null ni kí o ṣọ́

Àbúrò mi, o ní o fẹ́ sọ Integer (nọ́ńbà tí a fi sínú àpótí) di int (nọ́ńbà lásán) nínú Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, o wá ń bèèrè bóyá dandan ni kí o kọ intValue(), àṣẹ tó ń yọ int jáde láti inú Integer. Kì í ṣe dandan. Láti ìgbà Java 5, ní 2004, ni Java ti ń ṣe é fúnra rẹ̀. Bí owo bá jẹ́ Integer, kọ int iye = owo; ó parí.

Null ni wàhálà. Integer lè jẹ́ null, ìyẹn ni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀; int kò lè jẹ́ ẹ láéláé, torí náà bí o bá fẹ́ sọ null di int, NullPointerException, àṣìṣe tó ń dá ètò dúró, ló máa yọ sí ọ. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti kúrò, irú ìlà yìí ni mo bá nínú kóòdù wọn:

Integer gbese = oTiSan ? 0 : akosile.get(oruko);

Wò ó dáadáa: bí oTiSan bá jẹ́ òótọ́, 0 ni; bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, get á wá orúkọ náà nínú akosile, tí í ṣe Map, àkójọ tí a ń fi orúkọ wá iye nínú rẹ̀. Integer ni gbese, null sì lè wọ inú rẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n torí pé int ni 0 yẹn, Java á kọ́kọ́ fipá sọ ohun tí get mú wá di int ná. Tí orúkọ náà kò bá sí nínú Map, null ni get máa mú wá, gbogbo rẹ̀ dàrú nìyẹn. Ọ̀gá kan tí wọ́n ń sanwó gọbọi fún sọ pé dátábéèsì ló bàjẹ́. Wọ́n pààrọ̀ sáfà, àwọn oníbàárà ń pè wá lóru, ọ̀gá yìí kò sì fẹ́ ka nọ́ńbà ìlà tí Java fúnra rẹ̀ tẹ̀ jáde. Inú ṣì ń bí mi di òní. Ó kéré tán, láti Java 15 ní 2020, Java á sọ fún ọ pé ohun tí Map.get dá padà ló jẹ́ null.

Lo akosile.getOrDefault(oruko, 0), 0 ló máa fún ọ bí orúkọ náà kò bá sí. Àmọ́ bí ẹnìkan bá ti fi null gan-an pa mọ́ sábẹ́ orúkọ náà, null yẹn náà ló máa fún ọ.

Má sì fi == wé Integer méjì o, bóyá àpótí kan náà ni wọ́n ló ń wò, kì í ṣe iye wọn! Láti -128 dé 127, Java máa ń tọ́jú wọn síbì kan, true (òótọ́) ni wàá rí bí iye méjèèjì bá dọ́gba. Fi 1000 dán an wò, ó lè di false (irọ́). Nọ́ńbà kéékèèké ni àwọn olùkọ́ máa ń fi kọ́ni, ìyẹn ni kò fi hàn ní kíláàsì. equals ni kí o lò, kí irú méjèèjì sì bára mu, torí Long 5 (Long jẹ́ irú nọ́ńbà mìíràn) àti Integer 5 kò dọ́gba lójú equals.

Tó bá jẹ́ inú String, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀, ni nọ́ńbà rẹ ti wá, Integer.parseInt ló ń fúnni ní int. Integer ni valueOf ń fúnni.